Ohun Tí Bánà Náà Bò Mọ́lẹ̀

Bánà tí wọ́n tẹ àwòrán ọmọbìnrin náà sí, pé òun ló gba ipò kìíní, òun náà ni wọ́n já lára ògiri tí wọ́n fi gbé e jáde lábẹ́ kọnkéré. Bánà tuntun ni. Òórùn íńkì ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó sì dà pọ̀ mọ́ òórùn eruku sìmẹ́ńtì tó kún inú ọgbà ilé-ìwé náà, tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá gba iwájú ilé ìtẹ̀wé kan kọjá, màá ti sọdá sí òdìkejì títì kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ìwọ náà mọ irú bánà tí mò ń sọ. Agbára káká la fi lè rí ilé-ìwé aládàáni kan ní Ṣómólú àti Bàríga tí kì í gbé e kọ́ bí ọdún bá ń parí: ojú àwọn ọmọ, orúkọ wọn, ohun tí wọ́n gbà, kí òbí tó ń kọjá lọ lè dúró wò ó, kó sì mú ọmọ tirẹ̀ wá.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni, ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn ní ìparí táàmù kẹta, ní ilé-ìwé kan ní Abúlé Òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọbìnrin náà. Ó ti lọ ṣojú ilé-ìwé rẹ̀ níbi ìdíje ìṣirò, ó sì ti fẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé-ìwé ńláńlá balẹ̀. Òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àjọyọ̀ ọdún náà tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ǹ bá má sí níbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ará ìlú kan náà ni èmi àti obìnrin tó ni ilé-ìwé náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, bíi bàbá tèmi, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà la sì jọ ń lọ ní Palmgrove. Mọ́mì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan àwọn òbí tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

“Ẹ̀yin oníròyìn yìí,” ó ní, “ẹni tó kú àti ilé tó jó nìkan lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ wá kọ ti àwọn ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan.”

Mo ní bí jọ̀lọ́ọ̀fù bá wà níbẹ̀, màá wá.

“Jọ̀lọ́ọ̀fù ń bẹ. Ẹni tó bá kọ ìròyìn tán ló ń jẹun.”

Ọgbà ilé-ìwé náà kò fẹ̀. Ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi àjà mìíràn lé lórí nígbà tí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, bákónì gígùn kan sì wà níwájú àjà àkọ́kọ́. Lábẹ́ bákónì yẹn ni wọ́n ta bánà náà sí, ó bo ògiri láti igun dé igun. Ọmọbìnrin náà ló wà ní ọ̀tún, ojú rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì hàn kedere. Oòrùn mú gan-an. Wọ́n ti na kánópì, wọ́n ti to àga rọ́bà, àwọn olùkọ́ ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́rùn bí ẹni tó ń ṣe ìdìbò.

Màmá ọmọ náà pẹ́ dé, ó sì wá jókòó tì mí. Etí ọ̀sà ni wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tó wà ní Bàríga. Ọkọ rẹ̀ ń pẹja, òun ń yan án. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń fi í bó ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbóòórùn ẹja lára ìyá ẹni tó gba ipò kìíní.

“Ẹja Yíyan ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì,” ó sọ fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín. “Mo ní ṣé kí n má wá ni. Ó ní, ‘Màmí, bí ẹ bá ń rùn, ẹ máa rùn bọ̀. Ẹja ló rán mi níléèwé.’”

Bàbá kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà. “Ìyá ọlọ́pọlọ, ẹja wo lẹ ń fún un jẹ gan-an, kí n wá ra díẹ̀ fún tèmi?”

“Tiyín ti kọjá ti ẹja, Dádì. Pàṣán ló kù fún un.”

Gbogbo ìlà àga wa rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, nítorí ó mọ́, kò sí ohun kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí wọ̀nyí, télọ̀, oníṣòwò, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, fi ọ̀pọ̀ nǹkan du ara wọn kí ọmọ wọn lè wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé aládàáni, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n fi ń rí i pé kò já sí asán.

Ilé-ìwé náà ní àṣà kan tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Wọn kì í pe àwọn tó gba ẹ̀bùn síwájú ní ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń kó wọn gòkè lọ sí bákónì, wọ́n á tò wọ́n sí òkè bánà, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á dúró ní ọ̀gangan àwòrán ara rẹ̀, kí òbí lè fi fóònù ya ọmọ àti bánà pọ̀ láti ìsàlẹ̀. Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Ó ní ọmọ tó bá ti wo àwọn òbí rẹ̀ láti òkè báyẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní í fẹ́ padà sísàlẹ̀ mọ́.

Wọ́n ń pe orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá pè á sún mọ́ irin bákónì, á juwọ́. Àwọn ọmọ tí wọn ò pè náà ń fún ara wọn jáde láti inú kíláàsì kí wọ́n lè hàn nínú fọ́tò, olùkọ́ kan ń lé wọn padà, wọ́n ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni wọ́n fi kádìí. Màmá rẹ̀ dìde, ó na fóònù sókè. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kò tilẹ̀ dún púpọ̀, bàbá iwájú wa ṣì ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni igun ọ̀tún bákónì náà tẹ̀, ó sì wá sílẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà bọ́ sẹ́yìn sínú kíláàsì. Àwọn kan kán lẹ́sẹ̀, àwọn kan fi orí gbọgbẹ́. Ọmọbìnrin náà nìkan ló bá bákónì náà wá sílẹ̀, òun ló sì wó lé.

Àwọn bàbá fi ọwọ́ lásán gbé kọnkéré náà. Màmá rẹ̀ ń pè é ní orúkọ, kò pariwo, bí ẹni tó ń jí ọmọ fún ilé-ìwé. Ọmọ náà ń dáhùn nígbà náà; mo gbọ́ ọ. Olùkọ́ kan ní kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ gbé e, kí wọ́n wá nǹkan tó gbòòrò. Bàbá tó ti ń bá màmá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ló gbá bánà mú, tó sì fà á já lára ògiri.

Ìgbà yẹn ni ògiri náà hàn. Ẹ̀là kan tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ̀ ti gba àárín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ bákónì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀là náà ni àmì X pupa kan wà, tó ga tó ènìyàn, àti àṣẹ ìjọba lábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn kó kúrò nínú ilé náà. Ọ̀dà náà ti ń ṣá. Kì í ṣe àná ni wọ́n kọ ọ́; tapólì ló ti ń bò ó kí bánà tó dé. Ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì àwọn ọmọdé kà á sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa ka ohun tó bá wà lára pátákó, kedere, kò sì ṣì í kà. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Mọ́mì kò wo ògiri náà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n gbé ọmọ náà sí, pẹ̀lú bánà náà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ọsibítù ìjọba, ó ti dákẹ́. “Ẹ má bínú, mà,” ni dókítà wí. “Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.”

Mo lọ sí òpópó Bajulaiye ní Ṣómólú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ bánà. Ó ti gbọ́. Ó ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Ọdọọdún ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn,” ó ní. “Kì í tóbi tó báyẹn. Lọ́dún yìí, Mọ́mì wọn ògiri wá fúnra rẹ̀. Mo ní, ‘Mọ́mì, èyí mà gùn o, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe kọ́tìnnì ni?’ Ó ní kí n má ṣe ọ̀fíntótó, kó ṣáà ti bo gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀.” Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ náà. “Mo rò pé ó fẹ́ kí ojú ọmọ náà tóbi ni.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo padà dé ọgbà náà, akunlé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú korobá ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì. Màmá ọmọ náà ti dé ṣáájú rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin etí ọ̀sà to àga àjọyọ̀ àná sí iwájú ògiri náà, wọ́n fẹ̀yìn tì í, wọ́n jókòó. Wọn ò tíì sin ọmọ náà. Wọ́n ń bá ara wọn sọ Ìlàjẹ, wọ́n sì ń sọ Yorùbá fún àwa yòókù.

“Ẹ̀yin ìyá mi,” akunlé náà ní, “ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni.”

“Máa kùn ún,” ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn. “Orí gèlè mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.”

“Tèmi ni kí o kọ́kọ́ kùn,” ìkejì ní. “Tirẹ̀ ṣì mọ́.”

Ọkùnrin náà gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Mo bi màmá ọmọ náà pé kí ló dé tó fi jókòó síbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ya àmì náà sínú fóònù. Ó ní bí ògiri bá ti funfun, wọ́n á ní irọ́ ni fọ́tò, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní àwọn tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wá fi ojú ara wọn rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí òun lè ṣe fún ọmọ òun nìyẹn.

Mọ́mì dé. Kò lo àtíkè, kò wé gèlè. Ó kúnlẹ̀ fún obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

“Ìyá mi, mo bẹ̀ yín. Mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n fún mi láyè títí táàmù á fi parí. Họlidé ni mo fẹ́ fi tún un ṣe.”

“Ẹ mọ̀ pé ó ti là?”

“Mo mọ̀ pé ó ti là.”

“Ẹ wá fi ojú ọmọ mi bò ó.”

Mọ́mì nawọ́ sí akunlé náà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ó kùn ún, nítorí àwọn ọmọ tó kù. Bí àwọn òbí bá ń rí i báyìí, ilé-ìwé yìí tú ká nìyẹn, ibo ni wọ́n á lọ?”

“Nítorí àwọn tó kù náà ni mo ṣe jókòó,” màmá ọmọ náà ní.

Ó ṣì wà lórí àga yẹn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé lọ́sàn-án. Ó dìde fún wọn, ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì nawọ́ sí àmì náà fún wọn.

Mo ti kọ ìròyìn ilé tó wó ṣáájú ìgbà yẹn, mo sì ti kọ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí mo máa ń rí nínú wọn ni ojúkòkòrò, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ti Abúlé Òkúta kò rọrùn fún mi láti kọ, nítorí obìnrin náà fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Orúkọ gbogbo wọn ló mọ̀. Bó ṣe ń fi wọ́n yangàn, òótọ́ inú rẹ̀ ni, òótọ́ inú yẹn ló sì na bo ohun tó ń bà á lẹ́rù, tí òun fúnra rẹ̀ ò fi ní láti máa rí i láràárọ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí wá wo ohun rere kan, ibikíbi tó wù kó jẹ́, mo máa ń yọ̀ pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà màá rìn yí ká ẹ̀yìn ilé. Àwọn kan rò pé ìfura ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé gbèsè tí ènìyàn jẹ ọmọ tó ń juwọ́ ni.

Lọ́sàn-án tí wọ́n dé náà, ẹni tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní àwọn ti ti ilé náà pa. Àwọn yóò yẹ kọnkéré àti irin rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà àwọn yóò wó o. Ọlọ́pàá yóò fọ̀rọ̀ wá obìnrin tó ni ín lẹ́nu wò, ilé-ẹjọ́ ni yóò sọ èyí tó kù. Ó ní láìpẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ òun yóò máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé ní Ṣómólú àti Bàríga, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo ilé tí kò bá dára. Màmá ọmọ náà bi í pé bí wọ́n bá sàmì sí i tán, ta ni yóò padà wá wò ó. Ọkùnrin náà ní wọ́n ń ṣètò ìyẹn lọ́wọ́.