Iyọ̀ Tí Ìyá Ọkọ Mi Dà Sínú Fàdákà Màmá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí jókòó, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Lokogoma lọ́dún tí mo bí Yétúndé. Mo ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹkún ni mo sun!

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ tí Ọlọ́run fún mi. Ọkọ ẹlòmíì, tó bá di Sátidé, bọ́ọ̀lù ló máa wò. Ọkọ tèmi, fàdákà ló ń fi ásíìdì yọ́. Kẹ́mísìrì ló kà ní yunifásítì, ìjọba wá gbé e jókòó ti fáìlì ní mínísírì. Ara rẹ̀ ò gbà á. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á fi awò ńlá bojú, á lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ lọ kó oyin. Á da ègé fàdákà àtijọ́ sínú ásíìdì, èéfín pupa á máa rú jáde, fàdákà á sì yọ́ di omi. Lẹ́yìn náà, á ki wáyà bàbà bọ inú omi yẹn, fàdákà á tún padà jáde, gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀ á ti lọ. Kì í tà á o! Ó kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. Ṣé kí n bá a jà? Ó ṣáà wà nílé.

Màmá mi kú kí n tó lóyún Yétúndé, ìdí tí ọmọ náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jogún, ṣùgbọ́n ó ti kán sí wẹ́wẹ́. Ọkọ mi ní kí n kó o wá, pé òun á yọ́ ọ, òun á fọ̀ ọ́ mọ́, kí alágbẹ̀dẹ kan ní ọjà Wuye wá fi rọ ẹ̀gbà kékeré fún ọmọ. Ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ara màmá mi ti kàn! Ṣùgbọ́n mo rò ó pé dípò tí á fi máa jókòó sínú àpótí, kí ọmọ tó ń jẹ́ Yétúndé wọ̀ ọ́. Mo kó o fún un.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá láti Èkìtì láti bá mi wẹ ọmọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, aládùúrà gidi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí omi kan bá ń kọ èèyàn lóminú, iyọ̀ ni wọ́n máa ń bù sí i, wọ́n á gbàdúrà sí i kó lè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọkọ mi yọ́ ẹ̀gbà yẹn, Màmá dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, wọ́n gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n ń wò ó. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Ọkọ mi náà ò ṣàlàyé, torí ó mọ̀ pé tí òun bá lè dárúkọ ásíìdì létí ìyá òun, ìbáwí ò ní tán nílé. Ó gbé jọ́ọ̀gì gíláàsì tó yọ́ ọ sí pamọ́ sínú ilé jẹnẹrétọ̀ kí omi inú rẹ̀ lè tòrò kó tó ki wáyà bàbà bọ̀ ọ́. Omi náà rí búlúù, ó mọ́ gaara. Tí wọn ò bá sọ fún ẹ, o ò lè mọ̀ láé pé fàdákà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, ni mo bá gbọ́ orin ẹ̀mí nínú ilé jẹnẹrétọ̀. Mo sáré débẹ̀. Màmá ló dúró ti jọ́ọ̀gì, ife wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa ojú dé. Omi búlúù yẹn ti di nǹkan funfun ṣìkìṣìkì bí ògì tó dì!

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n dà sí i. Wọ́n ní iyọ̀ ni.

Mo figbe ta. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbà màmá mi ló wà nínú omi yẹn. Mo ṣílẹ̀kùn gbayawu kí n lè rí i dáadáa, oòrùn tàn sí i, kò sì pẹ́ tí nǹkan funfun yẹn ń dúdú bọ̀. Mo ní ó ti parí nìyẹn! Mo pe ọkọ mi, kò gbé e. Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Nígbà tí mo jáde, Màmá ti di ẹrù wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n ní kí n bá àwọn pe ọkọ̀ tó máa gbé àwọn lọ sí gáréèjì, pé àwọn ò lè máa wo ojú mi lẹ́yìn ohun tí àwọn ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n fi da iyọ̀ sí i.

“Ọmọ mi, èéfín pupa ni mo rí. Ọkọ rẹ bojú, ó wọ ìbọ̀wọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Mo sì ń gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin ń ṣe nítorí owó láyé ìsinsìnyí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi ọmọ tí mo bí pé ṣé oògùn owó ló ń ṣe? Ọmọ tuntun sì wà nínú ilé.”

Háà! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àṣé ohun tí màmá yìí ń gbé kiri láti Sátidé nìyẹn, tí wọ́n ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń kọrin fún un! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbínú mi rọlẹ̀ wẹ̀sì, àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo gbé Yétúndé lé wọn lẹ́sẹ̀, mo gbé ẹrù wọn padà sí yàrá. Mo ní wọn ò lọ síbì kankan.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọkọ mi fi pè padà. Mo fi ẹkún ròyìn fún un. Ó bi mí pé:

“Kai, Mummy Yétúndé, ṣé ẹnikẹ́ni da omi náà nù?”

Mo ní rárá. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín! Ó ní iyọ̀ kì í ba fàdákà jẹ́, pé ńṣe ló gbá gbogbo fàdákà inú omi jọ, nǹkan funfun yẹn gan-an ni fàdákà náà. Ó ní oòrùn ló ń sọ ọ́ di dúdú, kí n bò ó, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó dé, mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ rò fún un. Ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó bẹ̀ wọ́n pé òun ló jẹ̀bi, òun ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Màmá kàn bi í pé, “Ṣé kì í wá ṣe é?” Ó ní, “Kì í ṣe é, Màmá.” Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kó dìde, kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó gbé àga fún wọn síbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ èéfín sí wọn, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Ó fọ nǹkan funfun náà, ó fi sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò àti ṣúgà inú kíṣìnì mi sí i (ṣúgà o!), ó di lẹ́búlẹ́bú bí eérú. Lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ, ó fi iná gáàsì yọ́ ọ. Ṣàdédé ni lẹ́búlẹ́bú náà kó ara jọ, ó ń dán yanranyanran.

Màmá dìde lórí àga. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú fàdákà náà bí ẹni tó ń kí màmá mi, wọ́n ní, “Àna mi, ẹ kú àbọ̀ o.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbá wọn mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tí o bá ń ṣe ohun tó ṣàjèjì nílé, sọ ọ́ fún àwọn tó ń bá ẹ gbé. Ohun tí o ò bá sọ, ìbẹ̀rù ló máa bá wọn sọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ ìwọ lọkàn rẹ ò balẹ̀, béèrè. Àti pé, ẹ má fi ásíìdì síbi tí kò ní kọ́kọ́rọ́ o! Àwa ti ra tiwa.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹnì kan ti rí yín tí ẹ ń ṣe rí, tó sì ti gbàdúrà lé yín lórí láìsọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.