Iyán Ọjọ́ Eré Sísá

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán, pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀sì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ṣán an, àwa náà la fi eérú ilé ìdáná fa ìlà tí a óò sáré lé. Fọ́ọ̀mù Kẹta ni mo wà nígbà náà, mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ mi sì yá ju ẹnu mi lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí sì mọ bí ẹnu mi ti yá tó.

Eré gígùn ni tèmi. Ọmọbìnrin tó bá gbapò kìíní ni yóò lọ ṣojú wa ní Ìlọrin, èmi ò sì tí ì fojú kan Ìlọrin rí. Àwọn tó ti débẹ̀ máa ń ròyìn iná ojú títì rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ọ̀run. Mo fẹ́ lọ débi pé mò ń lá àlá rẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wa léré sísá ti kìlọ̀ fún mi pé, "Ògì nìkan ni kí o mu. O ò gbọdọ̀ fẹnu kan òkèlè àfi tí o bá sáré tán."

Ògì náà ni mo mu. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń na ẹsẹ̀ nígbà tí mo rí ìyá mi tó ń bọ̀ láti Isolo-Ọ̀pin. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, eruku ti bò ó dé orúnkún, ìkòkò sì wà lórí rẹ̀. Iyán ni, tí à ń pè ní uyán lọ́dọ̀ wa. Ó fi ewé dì í, ó fi ògbólógbòó ìró wé ìkòkò náà, ó sì ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní, "Màmá, tíṣà ní n ò gbọdọ̀ jẹun kí n tó sáré."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. "Kí lọmọ Ọ̀pin é fi sáré bí éè bá jẹ uyán?"

Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ kọ ebè máa ń jẹyán kó tó mú ọkọ́. Ibo ni màá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún obìnrin tó gúnyán kí àkùkọ tó kọ? Mo ṣanwọ́. Mo ní òkèlè méjì péré ni màá jẹ. Ta ní í jẹ òkèlè méjì nínú iyán ìyá rẹ̀?

Èmi ni mo ṣíwájú gbogbo wọn títí a fi dé igun tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni iyán ti rántí mi. Ó wúwo nínú mi bí ọmọ tí a pọ̀n, ọmọbìnrin kan láti Ìdọ̀fin sì kọjá lára mi fẹ̀ẹ̀. Ipò kejì ni mo gbà. Mo jókòó sórí eérú, mo sunkún gidi, nítorí Ìlọrin ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá mi jó wọ inú pápá, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú mi. Ó ń pariwo pé ọmọ òun ló gbapò kejì, àfi bí ẹni pé kò sí ẹni tó gbapò kìíní. Ó wá rọra ní, "Ìlọrin éè ní sá lọ, ọmọ mi." Ó gbé ìyókù iyán fún tíṣà. Inú ń bí tíṣà, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Òótọ́ ni màmá sọ, Ìlọrin ò sá lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo kọ́lé sí, iná ojú títì náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà tàn. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, màá tún ṣanwọ́, màá sì jẹ ẹ́. Wọ́n ń ta iyán nítòsí ilé mi báyìí, ó dára, mo sì máa ń rà á. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìyá mi ti papò dà, kò sí ẹni tó tún fẹsẹ̀ rìn gbé iyán wá bá mi.