Àpò Abẹ́rẹ́ Mi àti Ọ̀tá Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́bàá Lálùpọn, tí ẹgba ṣì wà lára ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe eré. Tíṣà wa ní kí kálukú rán àpò aláṣọ tí yóò máa kó abẹ́rẹ́ ìhunfìlà rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mú un wá lọ́jọ́ Ajé, pàṣán mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ kò wọ́n mi: sípóòkù kẹ̀kẹ́ bàbá mi méjì ni mo pọ́n lórí òkúta. Aṣọ ni kò sí.

Mo wo inú àpótí màmá mi. Sùtánà funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló gùn jù níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, mo rán ojú ihò tóóró mẹ́rin sí i, mo fi okùn bàtà bàbá mi di ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni màmá mi rí i pé wọ́n ti gé e. Ta ni kò mọ ohun tí ayé ń fi aṣọ ẹni ṣe? Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa dijú, wọ́n ní ọ̀tá ilé ló gé e, ọ̀tá náà sì ti hewú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tọmọdé tàgbà.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà gbé àpò mi sókè lójú gbogbo kíláàsì: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Nílé, wọ́n ń gbàdúrà kí ọwọ́ tó gé aṣọ náà rọ. Mo ki ọwọ́ mi sábẹ́ itan, mo ṣe àmín.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, nìkan ló hewú nílé wa. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bu omi fún màmá mi láti fi ṣínu, màmá mi kò gbà á. Ìyá Àgbà gbé omi náà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó tì í. Ó dùn mí wọra. Mo lọ mú àpò náà, mo gbé e lé màmá mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n dá aṣọ wọn mọ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, wọ́n mu omi náà tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó nà mí, ó sì ju mẹ́fà tíṣà lọ.

Lóde òní, ọjà Adégbayì la ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ. Àpò tí mo rà fún ọmọ mi ní síìpù, ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, òwú kò sì kàn án lọ́wọ́. Wòlíì pàápàá ti bọ́ sórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ìró mi kan di àwátì, wòlíì orí fóònù ní orí funfun kan lòun ń rí. Màmá mi tó jókòó tì mí fa gèlè wọn síwájú, wọ́n fi bo ewú wọn. Mo pa fóònù, mo lọ tú báàgì ilé-ìwé ọmọ mi wò.