Tọ́ọ̀ṣì Orí Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Ẹnu mi mú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ìyá mi a máa ní ahọ́n mi lè bẹ iṣu. Ọwọ́ mi náà sì yá. Aránṣọ ni mí, ṣùgbọ́n ìdí kẹ̀kẹ́ ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìsẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ahunṣọ ti máa ń ta òwú wọn sílẹ̀ gbọọrọ, kí n sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ tíúbù. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọkọ mi yìí, ẹnu yẹn jẹ̀bi, ọwọ́ yẹn náà kò sì gbà wá sílẹ̀.

Tíṣà ni ọkọ mi. Ṣakí là ń gbé nígbà náà, lákòókò tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwé sí abúlé tí kò tilẹ̀ ní kànga. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀nà Irawo, ní òdìkejì odò. Ní kùtùkùtù ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Bí wọ́n bá jáde ilé ìwé, á tún dúró kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní lẹ́sìn, nítorí kò tíì sí ọmọ abúlé náà kan tó yege wọ ilé ìwé girama rí, ó sì ti pinnu pé lójú òun ni àkọ́kọ́ yóò ṣe wọlé. Kí ó tó dé etí ìlú, oòrùn á ti wọ̀.

Iná dínámò kẹ̀kẹ́ yẹn ti kú kí wọ́n tó tà á fún un. Ọdún méjì ló fi gùn ún láìsí iná, kò sì sí wàhálà, ó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Àfi ìgbà tí ó di ọdún kẹta, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, tó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ojúgun tó ti bó. Ó ní òun já sínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sójú ọ̀nà. Mo fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́ fún un, mo ní kò burú, a óò wá iná sí i.

Tọ́ọ̀ṣì kan wà nílé, onírin, alábátìrì méjì. Ibi tí wọ́n ti ń tàn án le gan-an. Bí a bá fi àtàǹpàkò tì í, á dún pàkà, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ẹ̀pà. Àwọn ọmọ kò lè jí i tàn nínú yàrá kí n má gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Òun ni mo mú. Mo gé tíúbù ògbólógbòó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní yíyí mẹ́ta. Ó dúró dáadáa nínú ilé. Lójú ọ̀nà, bí táyà bá ti kọ òkúta báyìí, tọ́ọ̀ṣì náà á tẹrí ba, á wá máa tanná sí táyà iwájú. Ọkọ mi ní òun kò rí nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́, nítorí èmi náà rí i pé ìdè náà kò dára.

Mo wá ṣe èkejì bí iṣẹ́. Mo mú agolo mílíìkì, mo yọ orí àti ìdí rẹ̀, mo fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ là á. Sísọ́ọ̀sì yẹn kò mú mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà mi sì rí i lára aṣọ wọn. Mo gé páànù náà sí ọ̀já méjì, mo fi òòlù tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà ya ènìyàn lọ́wọ́. Mo ká ọ̀kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo ká èkejì mọ́ ọrùn tọ́ọ̀ṣì, mo fi tíúbù tẹ́ inú àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà yọ̀. Mo fi ìṣó lu ihò sí wọn, mo kó ẹ̀yìn wọn pọ̀, mo fi wáyà rán an bí ẹni rán ọrùn aṣọ, mo wá fi ẹ̀mú lọ́ ọ pọ̀ títí ó fi ké. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè, mo jù ú sílẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà kò mì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá mi kì bá tí fún òun ní ọmọ yìí ká ní ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ tó báyìí. Inú mi dùn gidi lọ́jọ́ náà.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ó tún ṣubú. Ó ní iná náà kò mọ́lẹ̀. Mo gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan, mo ki í bọ abẹ́ páànù náà kí ó lè gbé ojú tọ́ọ̀ṣì sókè díẹ̀. Ó ní ó ga jù. Mo yọ ọ́, mo fá a. Ó ní ó ti dára díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní bátìrì ló ń tan àwọn jẹ. A ń sá bátìrì sórí páànù ilé lọ́sàn-án bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, kí oòrùn lè mú un jí padà. Ó ra tuntun. Ó ní tuntun náà kì í ṣe ojúlówó. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Mo fi eérú nu inú àwo rẹ̀ títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo rí tí n kò kà sí. Ó máa ń fi ìyàrun họ ara, pàápàá ìbàdí àti itan, títí á fi bó. Kòkòrò etí odò yẹn ń bu gbogbo wọn jẹ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àìsàn. Ó ti ń gbé ìwé àwọn ọmọ súnmọ́ imú kí ó tó máàkì í. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun rí àgbẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òun kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn, òun tún un kí, àṣé kùkùté igi ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ nìyí, tí kò sí ohun tó lè gbà á padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, ọyẹ́ ti dé. Mo gbé àwo ọbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbá a dànù. Ẹran tí mo rò pé a óò jẹ di Mọ́ńdè ló lọ sínú iyanrìn yẹn. Ara kan mí. Gbogbo ìṣubú, gbogbo bátìrì, gbogbo agolo tí mo ti gé, gbogbo rẹ̀ ló kó sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Bí ojú yín bá ti fọ́, ẹ kúkú sọ fún mi kí n lọ wá ọ̀pá fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá àwọn ẹran náà nínú iyanrìn. Ọwọ́ rẹ̀ ń kọjá lórí wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo rìn jáde lọ sí ọ̀nà Irawo láti pàdé rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi lọ, n ò ní parọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì náà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì mọ̀ pé ó dára. Mo dúró síbi tí àpáta ńlá kan ti kángun sójú ọ̀nà. Ojú ti ń ṣú, kò tíì ṣú tán.

Mo rí i láti òkèèrè. Iná funfun, ó dúró ṣinṣin, kò mì, kò tẹrí ba. Bí ó ṣe ń ti orí òkè bọ̀ wálẹ̀, ó ń tanná sí gbogbo ojú ọ̀nà, mo ń rí òkúta, mo ń rí ipa táyà nínú eruku. Orí mi wú. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò fi bá a jà jọ, pé irú iná wo ló tún ń fẹ́. Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, mo bọ́ sáàárín ọ̀nà kí ó lè rí mi.

Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀ ní etí koríko láti mọ ibi tí ọ̀nà parí sí. Iná náà dé ara mi. Mo wolẹ̀, mo rí òdòdó ara ìró mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ń bọ̀ tààrà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí táyà kàn mí, mo wúkọ́, n kò mọ̀ pé n óò wúkọ́. Ó dúró gbọn-in.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn? Ẹ má bínú, iná mi ti kú."

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ilé rẹ̀, kò pè mí ní ẹ rí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbá tọ́ọ̀ṣì náà lórí bí a ṣe ń gbá a kí bátìrì lè jí, iná náà sì ń tàn sí mi láyà ní gbogbo àkókò náà.

Mo ní èmi ni. Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá iná náà ṣì ń pọ́n díẹ̀, nítorí òun kò rí i mọ́ láti ìdí odò. Ẹ̀yin ènìyàn, kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní ó ń tàn, ẹnu tó bú u lọ́jọ́ Sátidé náà ni yóò tún sọ fún un pé èébú náà ti ṣẹ. Mo na ọwọ́, mo fi àtàǹpàkò pa iná náà.

"Ó ti kú pátápátá," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan, ó di èkejì mú, a rìn wọ̀lú. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì, ó ra bátìrì tuntun dé, ó kó o fún mi, mo ki í bọ inú tọ́ọ̀ṣì náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ pàdé rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí láti orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo fẹ́ máa rìn. Ó ní ó dára. Mò ń dá ara mi lóhùn pé bí ọyẹ́ bá lọ, tí eruku bá rọlẹ̀, ojú náà á mọ́. Mo ra oògùn ojú lọ́wọ́ olóògùn tó ń kiri. Mo gbààwẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe ni mo ṣe, àfi èyí tó yẹ, pé kí n lanu.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti ṣe ìdánwò wọn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi ń kọ iṣẹ́ ìṣirò sójú pátákó, ó kọ ọ́ kọjá pátákó, ó ń kọ ọ́ lọ sára ògiri. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ló fa ọwọ́ rẹ̀ délé.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kòkòrò etí odò náà ni, ó ní ìdin wíwẹ́ ló ń fi sínú ara, òun ló ń yún un, òun náà ló wọ ojú. Ó bi í pé ó ti tó ìgbà wo. Ọkọ mi ní kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Dókítà náà wojú mi. Mo wo bàtà mi. Ó ní ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún kò ní pẹ́, pé ká ní wọ́n mú un wá nígbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, bóyá àwọn ìbá rí díẹ̀ dá dúró níbẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo dúró sójú ọ̀nà Irawo.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà náà yege wọ ilé ìwé girama. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀ fún ọkọ mi.

A kó padà sí Ìsẹ́yìn, sí ilé bàbá mi. Mò ń ránṣọ, ọkọ mi ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ, nítorí ọwọ́ lásán ti tó ṣe ìyẹn. Ọdún mélòó kan kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ wa obìnrin ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Ó mú tọ́ọ̀ṣì ọjọ́sí, ó tàn án. Pàkà. Nígbà tí ó rí i, ó pa á. Pàkà. Ọkọ mi dá ọwọ́ òwú dúró.

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn," ó ní, "mo gbọ́ nígbà tí o pa á."

Kò yẹ kí n bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ẹnu tí mo ní. Mo bi í pé kí ló wá fà á tó fi lọ ra bátìrì tuntun lọ́jọ́ kejì.

"Kí o má baà mọ̀ pé mo ti mọ̀ ni," ó ní, ó sì ń ká òwú rẹ̀ lọ.