Ìyá Ọkọ Mi Jẹ́rìí ní Kóòtù Kádì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àmọ́ tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín á pa mí, omijé á sì tún máa dà lójú mi.

Inú ọjà ní Banjul ni mo ti ń ránṣọ. Èmi àti Látífù, bàbá àwọn ọmọ mi, la jọ kúrò ní Ìwó wá sí Gáńbíà. Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Half Die la kọ́kọ́ gbé. Tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, ẹ ó gbé bàtà yín dání ni! Nígbà tí omi wọ yàrá wa lẹ́ẹ̀kejì, tó ba aṣọ oníbàárà mi jẹ́, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. A ra ilẹ̀ ní Dippa Kunda, a sì bẹ̀rẹ̀ ilé.

Mo ní "a" o! Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Ti Látífù nìkan! Ta ló ra búlọ́ọ̀kù? Máṣíìnì ìránṣọ mi ni! Látífù ń ta páàtì mọ́tò nígbà yẹn, ọjà rẹ̀ ò sì yá. Mi ò ka ìyẹn sí rárá. Ṣé èèyàn máa ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ ni?

Ìgbà tí mo bí ọmọ kejì ni ìyá Látífù wá bá wa láti ilé. Oṣù mẹ́ta ló ní òun fẹ́ lò. Ìyá ò padà mọ́! Ojoojúmọ́ ló máa ń bá mi lọ sọ́jà, táá jókòó ti àwọn obìnrin Wolof tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á jọ máa pa ẹ̀pà. Mo rò pé ẹ̀rín lásán ni wọ́n jọ ń rín.

Nígbà tó yá, Látífù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Basse fún òwò, ó sì fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Mi ò torí ìyẹn bá a jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tán láàárín wa, a kàn ń kí ara wa bí àlejò. Níkẹyìn, ó kọ̀ mí. Kò lù mí, kò bú mi. Èmi náà ti mọ̀ pé ó ti parí.

Oṣù mẹ́ta tí ẹ̀sìn ní kí obìnrin fi dúró ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni Látífù wá sọ pé òun fẹ́ ta ilé. Ó ní òun á gba yàrá fún èmi àti àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì. Ìyá ńkọ́? Ó ní Ìyá á tẹ̀ lé òun lọ sí Basse.

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Látífù, ìwọ lo kọ ìyàwó ẹ. Èmi ò kọ ìyàwó tèmi."

Ẹ gbọ́ ná, ẹ ti rí irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ rí?

Bí a ṣe dé kóòtù Kádì, adájọ́ àwọn Mùsùlùmí, ní Kanifing nìyẹn. Látífù mú ìwé ilẹ̀ dání. Èmi ò ní nǹkan kan ju ẹnu lọ. Kádì bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí. Kí n tó dáhùn, Ìyá ti dìde, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o! Ṣé ìyá tó bí ọkùnrin yìí ló fẹ́ jẹ́rìí ta kò ó?

Yorùbá ni Ìyá sọ. Ọ̀rẹ́ Látífù kan ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Wolof fún Kádì. Ìyá sọ bí mo ṣe ń tẹ máṣíìnì pẹ̀lú oyún nínú, bí mo ṣe máa ń kó gbogbo owó aṣọ ọdún Tòbáskì, ìyẹn Iléyá, fún bíríkìlà, tí mi ò ní rán ẹyọ kan fún ara mi. Ó ní, "Òun ló kọ́ ilé náà."

Ògbufọ̀ wa ní Ìyá sọ pé mo ran ọkọ mi lọ́wọ́ díẹ̀.

"Déedéet!" Ìyá pariwo. "Moom moo ko tabax!"

Wolof ni o! Ó ní rárá, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀pà nìkan kọ́ ni wọ́n ń pa níbẹ̀ yẹn! Kádì fọwọ́ bo ẹnu, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Látífù, ó rọra bi í bóyá irọ́ ni ìyá rẹ̀ ń pa.

Látífù tẹjú mọ́lẹ̀. Tó bá ní irọ́ ni, ilé lè bọ́ sí i lọ́wọ́ pátápátá. Mo mọ ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣàdédé ni àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ó ní, "Ìyá mi kì í parọ́."

Ìyá jókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ti borí ọmọ rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Látífù fúnra rẹ̀ ló lọ fà á mọ́ra.

Kádì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilé náà láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Yàrá méjì ẹ̀yìn àti ṣọ́ọ̀bù iwájú di tèmi, ìyókù jẹ́ ti Látífù, òun náà ni yóò sì máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo rò pé ó tọ́ sí mi nìyẹn, àmọ́ mo gbà.

Látífù bá mi lọ sọ́dọ̀ Alkalo, baálẹ̀ àdúgbò, kí wọ́n lè kọ orúkọ mi sínú ìwé. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ra tapalapa, búrẹ́dì wọn tó gùn gbọọrọ yẹn, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀wà sí i, ó sì bù ú sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Orí ìdúró la ti jẹ ẹ́. Ta ló lè sọ pé a tún máa jọ jẹun?

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá tún lò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó jáde láyé, ẹnì kan nínú àwọn tó wá kí wa béèrè ohun tí mo jẹ́ fún un, nígbà tó ṣe pé ọmọ rẹ̀ ti kọ̀ mí. Látífù ló dáhùn. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tọkọtaya, ìgbà tí ìfẹ́ bá ń dùn ni kí ẹ kọ orúkọ yín méjèèjì sínú ìwé. Àìfọkàntánni kọ́. Gbogbo èèyàn kọ́ ló máa rí ìyá ọkọ bíi tèmi! Tí ẹ bá sì pínyà, ẹ má torí ẹnì kan pa gbogbo ẹbí rẹ̀ tì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dúró tì yín nígbà tí ẹ ò retí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan!