Síkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù Níwájú Ìyá Ọkọ Mi

Láwọn ọdún tí ogun ń jà nílé, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, síkẹ́ẹ̀tì kò sì kọjá agbedeméjì itan nígbà náà. Ẹni tó bá wọ èyí tó bo orúnkún, ìyá àgbà ni tàbí ìyàwó pásítọ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Bí a bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì, a ó fi báàgì bo ẹ̀yìn, a ó máa yọ́ gòkè bí ẹni tó jí nǹkan. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi á lọ wo ṣọ́ọ̀bù, a ó ra ẹja díndín àti ànàmọ́ díndín tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dì, a ó máa jẹ ẹ́ lọ lójú títì, ohun tí ìyá mi ì bá tìtorí ẹ̀ gbá mi létí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó kó jọ sí pálọ̀ onílé wa, obìnrin òyìnbó kan tó fẹ́ràn ológbò ju àwa ayálégbé lọ, a ó máa wo àwọn ọmọkùnrin onírun gígùn tí ń ta gìtá nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Òtútù nìkan ni mi ò fẹ́ràn, ìyẹn la kì í sì í sọ fún ará ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé àfẹ́sọ́nà mi, ọmọ Oworo. Nígbà tí ogun parí, a jọ padà wálé, ó rí iṣẹ́ ìjọba sí Lọ́kọ́ja, èmi sì dé sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Kpata, àdúgbò kan níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìyá rẹ̀, tí ń dáko ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, sọ pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìyàwó tí àwọn kò tíì fojú rí. Bí wọ́n bá mi orí pé rárá, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn, nítorí ọkùnrin yẹn kì í kọjá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá, àǹtí mi bẹ̀ mí pé kí n ró ìró. Mo ní ó tì o. Mi ò ti Ìlú Ọba dé kí n wá máa múra bí ẹni tí kò kúrò ní Kpata rí. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, wọ́n á kí tèmi dáadáa lónìí. Mo wọ èyí tó dára jù lọ nínú àwọn síkẹ́ẹ̀tì mi, aláwọ̀ òféèfèé, tó kúrú jù pẹ̀lú.

Ìyá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé iṣu tí wọ́n rù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Okun o,” ni wọ́n fi kí mi, bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Àṣé aṣọ tí wọ́n rán fún ìdúró kò mọ ìkúnlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ni mo kúnlẹ̀ kí tí n bá fi mọ̀? Mo fa iwájú sílẹ̀, ẹ̀yìn sá gòkè. Mo fa ẹ̀yìn, iwájú lọ. Mo wá tẹ̀ sí àárín bẹ́ẹ̀, n kò dúró, n kò kúnlẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ń ka páànù òrùlé. Àǹtí mi di ojú.

Ìyá wò mí títí. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Wọ́n dìde, wọ́n tú kíjìpá tí wọ́n fúnra wọn hun, èyí tí wọ́n ró lé ìró ìsàlẹ̀, wọ́n so ó mọ́ mi ní ìbàdí. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn.

“Báyìí ni ìyà ṣe jẹ yín tó lọ́hùn-ún, o ò sì sọ fún mi? Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ kù sí ìdajì, ìwọ ń wọ kóòtù?”

Ó fẹ́ ṣàlàyé pé oge ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí oòrùn tó rọ̀, Kpata ti gbọ́. Ará ilé kejì wa, obìnrin Nupe tí ń ta ẹja, mú àǹkárá wá. Obìnrin Ebira kan mú èyí tó hun fúnra rẹ̀ wá, ó ní sànnu, sànnu, bí ẹni tó wá síbi òkú. Inú bí mi. Síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọge Lọ́ńdọ̀nù ń yíjú wò! Wọn ò kí i, ńṣe ni wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí Ìyá fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí jókòó tì wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń béèrè Ọbabìnrin, tàbí ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀. Mo ti ní ìdáhùn tó dùn fún gbogbo rẹ̀. Ìyá kò béèrè ìyẹn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, lórí kíjìpá wọn.

“Ìyàwó mi, ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ rẹ?”

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rántí yàrá wa lọ́hùn-ún, sítóòfù kẹrosíìnì tí a dojú kọ bí ẹni ń gbàdúrà, àti bí mo ṣe máa ń dúró de bọ́ọ̀sì láàárọ̀ tí n kò ní mọ̀ bóyá mo ṣì ní ẹsẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Mo ní ó pọ̀, Ìyá, ó pọ̀ gan-an ni.

Wọ́n tún kíjìpá náà so fún mi, wọ́n fà á sílẹ̀ títí tó fi bo kókósẹ̀.