Moukaila Tó Ń Béèrè Orúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀mọ̀wé ni Moukaila Adéníjì, irọ́ ló pa. Ọdún mẹ́fà péré ló lò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n sì lé e jáde nítorí pé kì í yé bi olùkọ́ ní ìbéèrè. Abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì àti igi tí a fi ń ro etí ló ń gbé kiri Kútọnu nínú àpótí onígíláàsì kan. Ó ga débi pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í bẹ̀rẹ̀ fún. Tó bá wọ agboolé, kò ní jókòó títí yóò fi kí ewúrẹ́ ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, bí a ṣe ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ara wa ní ìdálẹ̀. Ìnísà ni àwọn bàbá wa méjèèjì ti wá. Mọ́ṣáláṣí Zongo ni òun ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fadá ni èmi ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí Kérésì tí kò jẹ nílé mi, kò sí Iléyá tí n kò gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún mi ni Anselme. Moukaila nìkan ló máa ń pè é bí ẹni tó ń bú mi.

Ní ọdún 1954, òyìnbó kan tí à ń pè ní Mùsé Ferrand dé láti ìlú Faransé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Kútọnu, mélòó ló ń yè, mélòó ló ń kú? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà, àti ìjọba àti àwa tí à ń bí wọn. Ó gba yàrá kan ní Ganhi, lókè ilé ìtajà kan, ó sọ ọ́ di búrò, ó sì gba àwa mẹ́fà tó gbọ́ Nàgó, Fọ̀n àti Gùn síṣẹ́. Ìwé kíkọ mi tó dára ló fi mú èmi. Ní ti Moukaila, kò sí agboolé tí kò mọ̀ láti Zongo títí dé Akpakpa. Ìwé pélébé kan ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, fíṣì ni wọ́n ń pè é: orúkọ ìyá, iye ọmọ tó bí, iye tó wà láàyè, iye tó kú.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwa méjèèjì la jọ lọ. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ìdíátù ń fọ ẹja nínú ọpọ́n lójúde rẹ̀ ní Zongo. Mo yọ pẹ́ńsù, mo kí i, mo ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó gbójú sókè. "Ìwọ lo bá mi bí wọn ni? Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Gbé ìwé rẹ kúrò níwájú mi!"

Kí n tó sọ pé ìjọba ló rán mi, omi ẹja ti dé. Bàtà tuntun tí mo rà fún iṣẹ́ náà ló gbà á. Ẹ̀kán omi kan ò ta sí Moukaila tó dúró tì mí lára. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Èmi ò fẹ́ omi ẹja mọ́. Láti ọjọ́ kejì, ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń kọ. Bí mo bá rí ọmọ mẹ́ta tó ń ṣeré lójúde, mo kọ mẹ́ta bí, mẹ́ta yè, òdo kú. Kí aago mọ́kànlá tó lù, mo ti ṣe ogún ilé, mo ti wà níbi tí ẹmu tútù wà. Ojú ń tì mí báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà mo rò pé mo gbọ́n.

Moukaila kì í ṣe ju ilé mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ó rí ọgbọ́n kan dá. Kì í béèrè iye. Ó máa sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀, á ṣí i, àwọn obìnrin á máa yẹ bọ́tìnnì wò, òun á wá béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Kí lẹ sọ àkọ́bí yín? Ta ló tẹ̀ lé e?" Ta ni yóò bínú pé wọ́n béèrè orúkọ ọmọ òun? Ìyá á máa dárúkọ wọn lọ, inú rẹ̀ á máa dùn. Bí ó bá dárúkọ Ìdòwú, tí Moukaila ò sì gbọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé ṣáájú rẹ̀, á mọ̀ pé ìbejì ti lọ nílé náà. Láàárín àwọn Fọ̀n, bó bá gbọ́ Dòsú, tó jẹ́ Ìdòwú tiwọn, tó wò yíká tí kò rí ìbejì, á mọ̀. Bó bá sì gbọ́ Kòkúmọ́ tàbí Málọmọ́, kò sí ohun tó kù láti bi ẹnikẹ́ni. Á yọ fìlà rẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú." Àwọn kan á sunkún. Lẹ́yìn náà wọn á sọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọn ò ṣe sọ ọ́ fún ọkọ wọn rí.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ," ló wí fún mi. "Torí náà, Anselme, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ, ó ti rí ilé."

Ó sì ń ṣèlérí fún wọn. Ó ń sọ fún gbogbo ìyá tó bá sọ̀rọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn tí yóò tún wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ilé tèmi náà bọ́ sí àdúgbò tí wọ́n pín fún mi. Yẹ́misí ìyàwó mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bi í? Ọmọ wa kan ṣoṣo, Dúrótoyè, ń sáré kiri nínú ilé. Àwọn méjì ló ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo kọ ọ̀kan bí, ọ̀kan yè. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ń kọ òkú sí, ọwọ́ mi ò gbé e. Mo kọ òdo. Ti àwọn yòókù, ọ̀lẹ ló mú mi parọ́ wọn. Tèyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí wa, àwọn ènìyàn wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọ́n sì lọ sílé wọn. Láti ọjọ́ náà, èmi àti Yẹ́misí ò dárúkọ wọn fún ara wa mọ́. Moukaila ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀ méjèèjì.

Ní oṣù kejì, láàárọ̀ Sátidé kan, Mùsé Ferrand pe èmi àti Moukaila sí búrò. Ó ti tò fíṣì wa sí òkìtì méjì lórí tábìlì. Ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá tí Moukaila kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin tó kú. Nínú tèmi, kò pé ọ̀kan. Ìlú kan náà, omi kan náà, ibà kan náà. Ọ̀kan nínú wa ń parọ́.

"Wo ti Anselme bó ṣe mọ́," ló wí. "Ìwọ, o jókòó síbì kan, o ń hùmọ̀ òkú. Bí o kò bá fi ẹ̀rí hàn mí kí n tó ti búrò yìí lọ́sàn-án, màá dáná sun fíṣì rẹ, màá sì kọ ọ́ fún ìjọba pé òpùrọ́ ni ọ́."

Moukaila ṣàlàyé Ìdòwú fún un, ó ṣàlàyé Dòsú. Òyìnbó náà ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní kí ó mú òun lọ sí ilé kan ṣoṣo, kí ìyá ilé náà sọ ọ́ lójú òun.

"N kò lè ṣe é, Mùsé," ni Moukaila wí. "Mo ti ṣèlérí fún wọn."

"Kò sí ilé kan tí o mọ̀, tí o kò ṣèlérí fún?"

Ilé kan wà tó mọ̀. Fíṣì ilé náà wà lórí òkìtì tèmi, òdo wà lára rẹ̀, òun tó gbẹ́ ilẹ̀ sì dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, á gba ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì gba gbogbo ìyá tó finú hàn án sílẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Kò sí, Mùsé," ló wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó àfi ìgbà tí mo rí i tó ń wá fìlà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Mo lọ sídìí òkìtì mi. Mo tú u títí mo fi rí fíṣì ilé mi. Mo ní, "Mùsé, èmi ni mo parọ́. Ìyàwó mi nìyí. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Méjì ti kú." Mo mú kálámù rẹ̀ lórí tábìlì láìtọrọ rẹ̀, mo fa ìlà sórí òdo náà, mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó bi mí ní orúkọ wọn, bóyá ó rò pé mo fẹ́ fi irọ́ gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. Mo ní àkọ́kọ́ ń jẹ́ Léonie, oṣù méje ló lò. Ó ní, "Ìkejì ńkọ́?" Mo ní kò lórúkọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò, ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọmọ lórúkọ. Ó bi mí ní orúkọ èyí tó kù. Kí n tó dáhùn, Moukaila ti fèsì: "Dúrótoyè. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ni."

Mùsé Ferrand kó gbogbo òkìtì tèmi, ó gbé e fún Moukaila, ó ní kó lọ kọ́ àwa márùn-ún yòókù bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Oṣù mẹ́rin la fi tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo tún padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìdíátù, mo ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yanu. Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "aṣèwádìí ọmọ ìbílẹ̀ kan" ló rí ọ̀nà náà. Mo bínú débi pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí Párì. Moukaila ní kí n jókòó, ó ní ọ̀gbìn àlùbọ́sà tí mo ń ṣe lẹ́yìnkùlé ni kí n bójú tó. Abẹ́rẹ́ ló tà títí ó fi darúgbó.

Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo délé, mo bá Yẹ́misí tó ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ. N kò mọ bí n óò ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní búrò fún un, mo sì dárúkọ Léonie. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìrẹsì. Mo rò pé yóò dìde kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Èyí tí a ò sọ lórúkọ ńkọ́? Ṣé o kà á mọ́ ọn?"

Mo ní, "Mo kà á."

Ó gbé atẹ náà sílẹ̀, ó fi orí lé mi léjìká, a sì sunkún wọn pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.